Ẹ Yé Fi Ẹ̀bùn Tàn Wá

Ẹ̀yin akéwì, ẹ̀yin òǹkọ̀wé, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn máa ń wá sípàdé nítorí bisikíìtì, mo kí gbogbo yín o. Ìjà ni mo gbé wá lónìí. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nínú yín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo wá bá jà, orúkọ rẹ̀ sì ni "ẹ̀bùn".

Ẹ rántí ìpàdé wa tó kọjá. Mo gbé gìtá wá. Kí n tó ta á, mo gbé ẹsẹ̀ òsì mi lé àpótí kékeré kan, mo gbé gìtá lé itan òsì, mo ṣí ìwé orin síwájú mi. Àfi gbàù, ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Akéwì Yorùbá ti di òyìnbó alápòótí!" Ẹlòmíì fi tiẹ̀ kún un. Ó ní orin tó bá wà lẹ́jẹ̀ èèyàn, èèyàn kì í kà á nínú ìwé. Ó ní ìwé ló ń pa ẹ̀mí orin. Ó ní ẹni tí Ọlọ́run bá fún, ó ti fún un náà nìyẹn, ẹni tí kò bá fún, kó lọ jókòó. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì dákẹ́.

Mo dákẹ́ torí pé mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Èmi gan-an ti sọ ọ́ rí, mo sì ti fi ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ kí n tó jà.

Ní ọdún kìíní mi nílé ẹ̀kọ́ yìí, èmi ni wọ́n ń pè ní Baba Gìtá ní fẹ́lóṣípù wa. Kọ́ọ̀dù mẹ́ta ni mo mọ̀: G, C, D. Mẹ́ta péré. Bí ẹni tó ń darí orin bá gbé ohùn ga, màá mú capo, ohun kékeré tí wọ́n fi ń há ọrùn gìtá yẹn, màá máa tì í sókè títí ohùn á fi bá ara mu. Tẹ́ ẹ bá bi mí pé kí ló dé tí kọ́ọ̀dù mẹ́ta yẹn fi ń bá ara wọn rìn, mi ò mọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kí n ta orin kan lẹ́yọ-lẹ́yọ láìgbá okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, mi ò lè ta á. Ṣùgbọ́n wọ́n ń pè mí ní ẹlẹ́bùn, mo sì ń jẹ́ ẹ.

Ọmọkùnrin kan, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kọ́ gìtá. Báwo lẹ ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ pààrọ̀ kọ́ọ̀dù?" Ìbéèrè gidi nìyẹn. Mi ò ní ìdáhùn kankan. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ fún un: "Àbúrò, nǹkan yìí, inú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń wà. Kì í ṣe gbogbo èèyàn l'Ọlọ́run fún." Ó ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n." Ó lọ. Mi ò rí i nítòsí gìtá mọ́ títí dòní.

Ṣé ẹ rí iṣẹ́ tí "ẹ̀bùn" ṣe níbẹ̀? Ó bo àìmọ̀ tèmi láṣọ, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tí mo ní lọ́kàn láti sọ nínú ìwé yìí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ẹni tó ń sọ pé orin ò ṣe é kọ́, ẹ wò ó dáadáa: lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí kò lè ṣàlàyé ohun tó ń ṣe ni.

Ọlọ́run ò jẹ́ kí n pẹ́ jù lórí àga náà ṣá. Alẹ́ àṣà ẹ̀ka wa ló já mi bọ́. Mo kọ ewì kan nípa bàbá mi. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Ọkọ́ kan wà tí wọ́n ti ń lò kí wọ́n tó bí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀rúkọ́ rẹ̀, irin rẹ̀ sì ti jẹ dé ìdajì. Ìdí ọkọ́ yẹn lowó ilé ìwé mi ti ń wá. Mo sọ ewì náà di orin, mo to kọ́ọ̀dù mẹ́ta mi tì í. Ìlà tó ń padà wá lẹ́yìn ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ni "ọkọ́ bàbá mi".

Orí ohùn kan náà ni mo kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn sí, pẹrẹsẹ, torí ibẹ̀ ni kọ́ọ̀dù gbé mi sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Yorùbá, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọkọ́ di ọkọ. Níwájú àwọn olùkọ́ wa, níwájú àwọn àlejò tó wọ aṣọ òkè wá, mo dijú, mo ń fi gbogbo ara kọrin nípa ọkọ bàbá mi. Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ pe ọkọ náà jáde ká rí i!" Gbọ̀ngàn dàrú. Àwọn ìyá tó wà níwájú ń fi ìborùn nu omijé ẹ̀rín.

Ẹ̀rín yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Bàbá mi ni mo fẹ́ yìn, mo sì sọ wọ́n di ẹlẹ́yà nígbangba. Ohun tó burú jù ni pé etí mi gbọ́ àṣìṣe náà bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Mo gbọ́ pé ó yẹ kí "kọ́" gòkè. Mi ò kàn mọ ibi tí òkè wà lórí gìtá ni. Ẹ wá bá mi bi ẹ̀bùn léèrè: níbo ló sá lọ lálẹ́ ọjọ́ náà?

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo lọ bá bàbá kan tó ń kọ́ àwọn akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kan nígboro. Ọ̀gá ni mo ń pè wọ́n. Wọ́n gba gìtá mi lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n pòṣé. Irú gìtá tí wọ́n ṣe fún okùn náílọ́ọ̀nù ni gìtá mi, èyí tí ọrùn rẹ̀ fẹ̀. Èmi ti lọ ra okùn irin so mọ́ ọn torí pé okùn irin ń dún kíkankíkan. Okùn irin sì ń fà ju ohun tí igi gìtá yẹn lè gbà lọ. Igi pẹlẹbẹ tí wọ́n so okùn mọ́ lójú rẹ̀ ti ń ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀, mi ò mọ̀. Ọ̀gá ní, "Láti ọdún méjì lo ti ń fi ẹ̀bùn rẹ fa gìtá yìí ya."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé àpótí fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni, àpótí tẹ́ ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún yín. Tí ẹsẹ̀ òsì bá gòkè díẹ̀, gìtá á jókòó sórí itan, á fẹ̀yìn ti àyà, ọrùn rẹ̀ á dojú kọ òkè. Kò sí ọwọ́ tó ń gbé e mọ́. Ọwọ́ òsì ò ní ẹrù, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó tẹ okùn lọ. Ọwọ́ ọ̀tún náà bọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ta á. Gbogbo ọdún tí mo fi ń kọ́ gìtá kọ́rùn bí àpò ìwé, ọwọ́ òsì mi ló ń gbé ìdajì ẹrù náà, mo wá ń bi ara mi ìdí tí ọrùn ọwọ́ fi ń dùn mí.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, Ọ̀gá ò jẹ́ kí n tẹ okùn kankan. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan la ń kọ́. Àtàǹpàkò ló ni okùn mẹ́ta tó nípọn. Ìka ìlábẹ̀, ìka àárín àti ìka òrùka pín mẹ́ta tó kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà mẹ́rin láti inú èdè Sípéènì ni ìwé fi ń pè wọ́n, p, i, m, a. Ọ̀nà méjì ni ìka lè gbà ta okùn. Nínú ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní apoyando, ìka á ta okùn tán, á wá sinmi lórí okùn tó tẹ̀ lé e. Ohùn á jáde kíkún. Nínú èkejì tó ń jẹ́ tirando, ìka á ta á, á sì kọjá sínú afẹ́fẹ́ láìfara kan okùn mìíràn, kí gbogbo okùn lè máa dún pọ̀. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sá. Èmi, Baba Gìtá, ni wọ́n ní kí n máa ta okùn tí kò sí ọwọ́ lórí rẹ̀, mí-mí-mí, bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Nígbà tí mo kùn, Ọ̀gá fi ìwé kan hàn mí. Mauro Giuliani, ará Ítálì, ló ṣe é, ó sì jáde ní 1812. Ìdárayá ọwọ́ ọ̀tún 120 ló wà nínú rẹ̀. Ẹ mọ iye kọ́ọ̀dù tó lò nínú gbogbo 120 náà? Méjì péré. Kọ́ọ̀dù méjì, ọ̀nà 120. Èmi tí mo ní kọ́ọ̀dù mẹ́ta, ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo mọ̀, kí n máa gbá a wàrà-wàrà. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bùn ni mo ní. Ẹnu aráyé ni mo ní.

Ó wá kan ìmọ̀ orin, èyí tẹ́ ẹ ní ó ń pa ẹ̀mí. Ọ̀gá bi mí ohun tí mò ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́. Mo ní Yorùbá. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ìwọ tó ń ka Yorùbá, o wá ń bẹ̀rù dò-re-mí?"

Ẹ̀yin ará, ẹ dúró síbẹ̀ ná. Àwa tí wọ́n kọ́ pé igba ò jọ igbá, igbá ò jọ ìgbà, ìgbà ò jọ igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ, gbogbo wọn ò sì jọ ìgbá tí wọ́n ń jẹ. Dò, re, mí la fi kọ́ ọ. Ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín, ohùn òkè. A tiẹ̀ ń bá àwọn oníwèé ìròyìn jà pé wọn ò fi àmì sórí ọ̀rọ̀. A ń sọ pé ẹni tí kò fàmì sí i kò bọ̀wọ̀ fún èdè. Ẹ̀yin kan náà lẹ wá ń bínú pé mò ń ka àmì orin! Ṣé àmì ohùn pa Yorùbá ni? Ṣé ìjálá kú ní 1966 tí Adébóyè Babalọlá gbé ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde? Àwọn ọdẹ ń sun ún títí dòní. Kí la fi ń dá ara wa láàmú nígbà náà?

Ẹ jẹ́ kí n ṣe é lójú yín, kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹni tó bá ní gìtá nítòsí, kó gbé e. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn rẹ̀ yẹn ni à ń pè ní fírẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú okùn kan ṣoṣo, ẹ ta á láìtẹ̀ ẹ́. Ẹ pe ìyẹn ní dó. Ẹ tẹ fírẹ́ẹ̀tì kejì, ré nìyẹn. Ẹ̀kẹrin, mí. Ìkarùn-ún, fá. Ìkeje, sọ́. Ìkẹsàn-án, lá. Ìkọkànlá, tí. Ìkejìlá, dó mìíràn lókè. Ẹ wo ìrìn rẹ̀: méjì-méjì ló ń gbẹ́sẹ̀, àyàfi láàárín mí àti fá, àti láàárín tí àti dó, níbi tó ti gbẹ́sẹ̀ kan péré. Ẹ wá fi rúlà wọn okùn náà. Fírẹ́ẹ̀tì ìkejìlá wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀. Ẹ gé okùn sí ìdajì, dó padà wá, lókè. Mo wá òkè títí lálẹ́ ọjọ́ àṣà, àṣé orí okùn tí mo dì mú ló wà, wọ́n ti fi irin sàmì sí i.

Ó kù sí i. Kọ́ọ̀dù ńkọ́? Mú kan, fo kan. Dó, fo ré, mí, fo fá, sọ́. Ẹ ta dó, mí àti sọ́ pọ̀, ẹ ti ní kọ́ọ̀dù dó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí fá: fá, lá, dó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí sọ́: sọ́, tí, ré. Ẹ kà wọ́n pọ̀: dó, ré, mí, fá, sọ́, lá, tí. Kò sí èyí tó ṣẹ́kù. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kọ́ọ̀dù mẹ́ta fi lè gbé orin tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ láìdà á nù. Gbogbo ohùn méjèèje ló ti ní ilé láàárín wọn. Ìgbà wo ló yẹ kéèyàn pààrọ̀ kọ́ọ̀dù? Nígbà tí ohùn tí ẹnu ń kọ kò bá sí nínú ilé tí ọwọ́ wà, ẹ ṣí lọ sí ilé tó wà. Àṣà tó jù bẹ́ẹ̀ wà o, ẹ máa kọ́ ọ tó bá yá, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn tí àbúrò yẹn bi mí léèrè nìyẹn. Kò tó ìlà mẹ́rin. Ìlà mẹ́rin ni mo fi ẹ̀jẹ̀ dí lójú.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Ẹ máa ní, "Àwọn àgbà tó ta gìtá ẹlẹ́mu, ìwé wo ni wọ́n kà?" Èsì mi rèé. Ohun tí wọn ò kọ sílẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí wọn ò kọ́. Àtàǹpàkò tó ń rìn nísàlẹ̀, ìka ìlábẹ̀ tó ń dáhùn lókè, iṣẹ́ ọwọ́ gidi nìyẹn. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà wà lára àwọn tó gbé e káàkiri etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹnìkan fi han ẹnìkan, ẹni tí wọ́n fi hàn jókòó tì í títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Ẹ pè é ní ẹ̀bùn, ẹ ti gba iṣẹ́ ọdún púpọ̀ lọ́wọ́ wọn nìyẹn.

Ẹ tún máa ní, "Ọmọ Àyàn ńkọ́? Ṣebí ẹ̀jẹ̀ ni?" Ha! Ẹ lọ sí agboolé àwọn onílù kẹ́ ẹ lọ wo ẹ̀jẹ̀ náà bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tí wọ́n bí sídìí ìlù, wọn kì í gbé ìyáàlù lé e léjìká lọ́jọ́ ìkómọ. Àwọn ìlù kéékèèké ló máa kọ́kọ́ mú. Á máa tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ òde, á máa lu ohun kan náà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọ́n á máa gbá a lọ́wọ́ tó bá ṣì í. Ọdún máa gorí ọdún kí wọ́n tó fún un ní ìyáàlù pé kó fi pe oríkì ènìyàn níta. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni, kí ni wọ́n ń kọ́ ọ sí? Orúkọ Àyàn mú ọmọ dé ìdí ìlù. Ìdí ìlù ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹnìkan tó gbọ́n jù yín lọ bá mi ní kọ̀rọ̀, ó ní Andrés Segovia tó gbé gìtá yìí dé gbọ̀ngàn ńláńlá káàkiri ayé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀. Ní 1953, Segovia kan náà gbé ìwé pẹlẹbẹ kan jáde fún àwọn tó ń kọ́ gìtá. Sikéèlì ló wà nínú rẹ̀, òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ìka tó yẹ kó tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó kọ́ ara rẹ̀ ṣì ní olùkọ́. Olùkọ́ náà kàn ń gbé inú àwọ̀ kan náà pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ ni, wọn kì í sì í jẹ́ kí ara wọn sinmi. Fẹlá náà ńkọ́? Ó kọjá sí London ní 1958, ó lọ kọ́ orin ní Trinity College of Music. Ẹni tó bá mọ ìgbà tí ìwé pa ẹ̀mí orin Fẹlá, kó wá sọ fún wa.

Ní ti pé òyìnbó ló ni ín, mi ò ní jiyàn púpọ̀. Ẹni tó wọ jíǹsì, tó fi fóònù ará Ṣáínà ya fọ́tò mi lórí àpótí, òun ló ń bá mi sọ̀rọ̀ òyìnbó. Ẹ jẹ́ ká wo ìdí tí wọ́n fi dá dó-ré-mí sílẹ̀. Guido ti Arezzo, mọ́ńkì ará Ítálì kan, ni wọ́n mọ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún. Ohun tó ń wá ni bí akọrin ṣe lè kọ́ orin tí kò gbọ́ rí, láìdúró de ọ̀gá tó máa kọ ọ́ sí i létí. Kí ọgbọ́n má bàa wà lọ́wọ́ ẹnìkan. Nígbà tó yá, irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tonic sol-fa bá àwọn míṣọ́nnárì dé ọ̀dọ̀ wa. Títí di òní, àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, oníṣòwò, télọ̀, tíṣà, ń kà á bí ẹni ka ìwé ìròyìn. Ẹ lọ sọ fún ìyá tó ń kọ ohùn áàtò lọ́jọ́ Sunday pé kò sí lẹ́jẹ̀ òun.

Àmọ́ o, mi ò ní purọ́ fún yín. Ìmọ̀ yìí ní ibi tó mọ. Ìlà márùn-ún tí wọ́n ń kọ orin sí kò mọ̀ pé èdè wa ní ohùn tirẹ̀. Wọ́n gbé orin òyìnbó wá, wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i, ọ̀rọ̀ sì ń daríkodò. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti kọ orin ìsìn tí ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ ń sọ àfi tẹ́ ẹ wo ìwé? Ṣùgbọ́n ta ló rí àṣìṣe náà, tó sì ṣàlàyé rẹ̀? Àwọn tó kọ́ ọ ni. T. K. E. Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà ní Èkó, kọ ìwé lórí orin Yorùbá, ó jáde ní 1953. Ó mọ òfin orin, ó mọ ohùn èdè, ó sì rí ibi tí méjèèjì ti ń tako ara wọn. Ẹni tí kò mọ òfin, kò lè mọ ibi tó ti yẹ kó rú u. Àwọn ọ̀gá orin pàápàá kì í fẹnu kò. Fernando Sor àti Dionisio Aguado, ará Sípéènì méjèèjì, ò gbà fún ara wọn lórí bóyá kéèyàn fi èékánná ta gìtá. Aguado ń lo èékánná, Sor kò fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n síbẹ̀. Sor kọ orin gìtá méjì kan, "Ọ̀rẹ́ Méjì" ló pè é, ó sì fi ta Aguado lọ́rẹ. Irú iyàn tó yẹ káwa náà máa jà nìyẹn. Ẹni tó mọ nǹkan kan ń bá ẹni tó mọ nǹkan kan jiyàn.

Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ ọkọ́ bàbá mi. Mo ti tún un ṣe, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́, ẹ lè dán an wò lálẹ́ yìí. Ẹ di kọ́ọ̀dù C mú. Ẹ fi ìka mẹ́ta yín síbi tẹ́ ẹ máa ń fi í sí, ìka ọmọńdinrín á wà lófìfo. Okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, láìtẹ̀ ẹ́, mí ni. Ẹ kọ "ọ" sí i. Ẹ na ọmọńdinrín sí fírẹ́ẹ̀tì kẹta lórí okùn kan náà, sọ́ nìyẹn. Ẹ kọ "kọ́" sí i. Ó gòkè! Ọkọ́ ni, kì í ṣe ọkọ. Okùn kejì tí ìka ìlábẹ̀ ti wà lórí rẹ̀, dó ni, ẹ fi ṣe "bà". Ẹ padà sí sọ́ fún "bá", ẹ gbé ọmọńdinrín kúrò, ẹ fi mí kádìí rẹ̀ fún "mi". Mí, sọ́, dó, sọ́, mí. Ọ-kọ́-bà-bá-mi. Gbogbo rẹ̀ wà nínú kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tí mo ti ń dì mú láti ọdún kìíní. Ìka kan tí mo fi sílẹ̀ láìníṣẹ́ ló máa gba bàbá mi lọ́wọ́ ẹ̀sín.

Oṣù mẹ́ta ló gbà mí kí ọmọńdinrín yẹn tó lè débẹ̀ láìpa okùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ogún ìṣẹ́jú láràárọ̀, kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú ní họ́sítẹ̀lì. Orí ìka mi bó, ó le, ó tún bó. Mo ta á fún bàbá mi nígbà tí mo lọlé. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní kí n tún un ta. Wọ́n wá dìde, wọ́n lọ gbé ọkọ́ náà wá láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n gbé e sílẹ̀ láàárín wa, wọ́n tún jókòó.

Orin yẹn ni mo gbé wá sípàdé wa tó kọjá. Ẹ ò jẹ́ kí n ta á.

Mo ń wá àbúrò mi yẹn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n ó mọ ara rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé fọ́tókọ́pì yìí á dọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò, ìbéèrè rẹ dáa. Irọ́ ni mo pa fún ẹ. Ìdáhùn rẹ̀ wà lókè yìí, àpótí mi wà nílẹ̀, gìtá mi náà wà, mo ti so okùn náílọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Wá nírọ̀lẹ́ Sátidé. Mi ò ní bi ẹ́ bóyá o lẹ́bùn.

Ẹ̀yin tó kù, mo ti sọ tèmi. Ẹni tó bá ní èsì, kó kọ ọ́ wá fún ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kó má gbàgbé láti fi àmì sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ o. Tí kò bá fi sí i, a ò ní mọ̀ bóyá ọkọ́ ló ń sọ ni, àbí ọkọ.